Báwo ni kláàmù inú òkun (ẹran omi tó ní ìkarahun méjì) tó ń gbé pẹ̀lú bakitéríà ṣe ń jẹun?

Bakitéríà tó ń gbé lára ẹ̀ ló ń se oúnjẹ fún un, iṣẹ́ ti kláàmù ni kó máa wá èlò ọbẹ̀ wá.

Olórí èlò yẹn ni hydrogen sulfide, gáàsì tó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́, irú òórùn tẹ́ ẹ máa ń gbọ́ tí wọ́n bá ń kó ẹrẹ̀ dúdú jáde nínú gọ́tà l'Abẹ́òkúta níbí. Ibi tí kláàmù fi ń mí nínú omi ni bakitéríà ń gbé, inú sẹ́ẹ̀lì gan-an, wọ́n á fi ọ́síjìn jó gáàsì yẹn kí wọ́n lè rí agbára, agbára yẹn ni wọ́n fi ń sọ carbon dioxide di oúnjẹ, bí ewé ṣe ń fi oòrùn ṣe é, àmọ́ inú òkùnkùn biribiri ni tiwọn.

Kláàmù kan tó ń jẹ́ Calyptogena magnifica, tí wọ́n rí ní 1977 nítòsí erékùṣù Galápagos, nǹkan bíi 2,500 mítà nísàlẹ̀ òkun, máa ń ti ẹsẹ̀ bọ inú pàlàpálá àpáta láti fa gáàsì náà. Kláàmù míì, Solemya reidi, ò tiẹ̀ ní ìfun rárá, èyí ló yà mí lẹ́nu jù.

Àwọn kláàmù kan ṣì máa ń sẹ́ oúnjẹ díẹ̀ látinú omi.