Káàdì tuntun ni kí o fojú sí, kì í ṣe àwọn búráùn

Àbúrò mi, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ìbéèrè rẹ kí n tó dáhùn. O ní ọmọ rẹ ti pé oṣù 10, ó ṣì ń mu ọyàn, o ń lo oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí oníhóró 28, o sì gbàgbé méjì nínú àwọn hóró búráùn tó wà nísàlẹ̀ káàdì. Ọjọ́rú ni káàdì náà máa tán, Ọjọ́ Ẹtì ni bàbá ọmọ rẹ ń bọ̀ láti Kánò, ẹ̀rù sì ń bà ọ́. O wá sọ ọ́ wẹ́rẹ́ láàárín ọ̀rọ̀ pé o ò tíì ra káàdì míì, pé tí ọkọ rẹ bá dé lẹ ó jọ lọ rà á.

Gbólóhùn tó o sọ wẹ́rẹ́ yẹn ló já mi láyà.

Búráùn méjì tó o gbàgbé kò ṣe nǹkan kan. Inú hóró funfun 21 ni oògùn wà. Búráùn 7 yẹn, èròjà tó ń fún ara lẹ́jẹ̀ ló wà nínú wọn. Wọ́n fi wọ́n sí i kí ọwọ́ rẹ má bàa kúrò nínú lílò ojoojúmọ́, ìgbà náà sì ni nǹkan oṣù máa ń wá. Ju méjì yẹn nù, má kó wọn pọ̀ mọ́ òmíràn. Tó o bá ti lo gbogbo funfun bó ṣe yẹ, tó o sì bẹ̀rẹ̀ káàdì tuntun lásìkò, oyún ò lè ráyè wọlé ní ọjọ́ 7 náà.

Ní ọdún 2017, à ń sìnkú bàbá ọkọ mi ní Ṣakí. Ìbàdàn là ń gbé. Mo ju káàdì tí mò ń lò lọ́wọ́ sínú báàgì, mi ò ka iye tó kù níbẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì, nínú aruwo òkú, mo fi omi gbé búráùn tó gbẹ̀yìn mì. Káàdì tuntun wà ní Ìbàdàn, nínú àpótí, lábẹ́ gèlè. Mo ní kò burú, nǹkan oṣù mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń parí, ta ló ń tibẹ̀ lóyún? Àbámẹ́ta lọ, Àìkú lọ, Ajé lọ. Alẹ́ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun la délé. Mo tú hóró 4 sọ́wọ́, mo gbé wọn mì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mo rò pé mo ti san gbèsè ọjọ́ tí mo jẹ. Kò tó wákàtí kan tí mo fi bì. Mo rí funfun wọn nínú èébì náà, wọn ò tíì yọ́ tán. Mi ò lo òmíràn dípò wọn. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, èmi àti ọkọ mi wà pọ̀.

Oyún ọ̀sẹ̀ 9 ni nọ́ọ̀sì bá fún mi, èyí tó wà lẹ́yìn mi ò sì tíì pé ọdún kan ààbọ̀. Mo bí ọmọ náà, ó ti ń lọ sílé ìwé báyìí, mo fẹ́ràn rẹ̀ dénú egungun. Ṣùgbọ́n owó tí mo fi pamọ́ láti fi gba ṣọ́ọ̀bù ní Bódìjà, orí oyún yẹn ló tán sí, torí àìsàn ni mo fi gbé e láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo sunkún gan-an lọ́dún náà.

Nọ́ọ̀sì àgbà kan ló jókòó tì mí, tó fi bírò ya káàdì sórí ìwé, tó ní kí n ka ọjọ́ tí ara mi fi wà láìsí oògùn. Mo ka búráùn 7, mo fi ọjọ́ 4 tí mo pàdánù kún un, títí kan Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí mo bì, ó di 11. Ó ní oògùn yìí máa ń mú kí ibi tí ẹyin ti ń jáde lára obìnrin sùn. Ọjọ́ 7 ni ara lè lò láìsí oògùn kí ibẹ̀ má tíì jí. Tó bá ti kọjá 7, ẹyin kan lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbó. Kí ibẹ̀ tó tún padà sùn dáadáa, o gbọ́dọ̀ lo funfun 7 léraléra. Nítorí náà, hóró kan tó o gbàgbé láàárín káàdì kì í ṣe ohun tí à ń sunkún lé. Ìbẹ̀rẹ̀ káàdì tó o fà sẹ́yìn ni ewu wà.

Bí mo ṣe ń ṣe é báyìí rèé, bẹ́ẹ̀ náà ni ìlànà rẹ̀. Tí mo bá gbàgbé funfun kan, ìgbà tí mo bá rántí ni màá lò ó, kódà kó di méjì lọ́jọ́ kan. Tó bá di méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹyọ kan ni màá lò lójú ẹsẹ̀, màá fi ìyókù sílẹ̀, màá máa bá a lọ lójoojúmọ́, kọ́ńdọ̀mù ló kù títí màá fi lo 7 léraléra. Tó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ káàdì ló ti ṣẹlẹ̀, tí èmi àti ọkọ mi sì ti wà pọ̀, Postinor, oògùn tí à ń lò lẹ́yìn ìbálòpọ̀ kí oyún má bàa dúró, yá, kó má kọjá ọjọ́ 3. Bó bá ṣe yá tó ló ṣe dára tó. Tó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn nínú funfun, màá ju búráùn nù, màá bẹ̀rẹ̀ káàdì míì lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé funfun tó gbẹ̀yìn. Tí mo bá sì bì kí wákàtí 2 tó pé lẹ́yìn tí mo lò ó, màá lo hóró míì. Ká ní mo mọ èyí lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni!

Káàdì mẹ́ta ni mo máa ń rà pọ̀. Mo fi rọ́bà so èyí tó kàn mọ́ èyí tí mò ń lò, tí mo bá ń rìnrìn àjò, méjèèjì ló ń bá mi lọ. Aago 9 alẹ́ ni fóònù mi ń dún.

O ò sọ fún wa bóyá ẹnikẹ́ni ti wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ. Jọ̀ọ́, lọ wọ̀n ọ́n. Tó bá ti tó 140/90, oògùn yìí kì í ṣe tìrẹ, ọ̀nà mìíràn wà. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ti dì rí nínú iṣan rẹ̀, ẹni tí túúlu ń mú tí ìmọ́lẹ̀ á kọ́kọ́ máa kọ mànà lójú rẹ̀, ẹni tó ní jẹjẹrẹ ọyàn tàbí àìsàn ẹ̀dọ̀, àti ẹni tó ti pé ọmọ ọdún 35 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tó ń mu sìgá. Ti ọmú kò dí ọ lọ́wọ́, torí ọmọ rẹ ti kọjá oṣù 6. Tí ẹsẹ̀ kan bá ṣàdédé wú tó ń ro ọ́, tí àyà bá ń dùn ọ́ tàbí tí èémí ń há, tí ojú bá ṣú tàbí tí ẹ̀fọ́rí tí o ò ní irú rẹ̀ rí bá dé, ilé ìwòsàn ni kí o sáré lọ lọ́jọ́ náà gan-an.

Ti aládùúgbò rẹ tó ní hóró ń kó jọ sínú ilé ọmọ, irọ́ ni. Inú ni ó ti ń yọ́ bíi Panadol, tó o bá sì jáwọ́, o lè tètè lóyún. Oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ tí wọ́n ń pè ní rifampicin, èyí tó máa ń sọ ìtọ̀ di pupa bí omi ọsàn, àti àwọn kan nínú oògùn wárápá, ló ń ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Tí wọ́n bá fún ọ ní irú rẹ̀, sọ fún dókítà pé o ń ṣe fètò. Amoxicillin kò ṣe é ní nǹkan kan. Oògùn náà kì í sì í dènà HIV. Mi ò mọ ọkọ rẹ, mi ò sì sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìdáa, ṣùgbọ́n ẹni tó ti pẹ́ lọ́nà jíjìn, ẹ jọ lọ ṣàyẹ̀wò.

Ọjọ́bọ ni funfun àkọ́kọ́ rẹ, nǹkan oṣù ì báà ṣì máa dà. Má dúró de ọkọ. Ra káàdì náà lónìí, kó o sì gbé e síbi tí ojú rẹ á ti rí i láàárọ̀ Ọjọ́bọ.