Èsì: Ìlù Earl Palmer, àti ìdí tí tiyín fi ń fì

Ẹ kú ìbéèrè, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní kí ni Earl Palmer, onílù ará Amẹ́ríkà, ṣe gan-an tí wọ́n fi ń kà á mọ́ àwọn tó dá ìlù rock and roll sílẹ̀, àti pé bí ẹ bá lu tirẹ̀, ó máa ń fì.

New Orleans ni wọ́n bí i sí ní 1924. Ijó ló kọ́kọ́ ń jó lórí ìtàgé. Ní oṣù Kejìlá 1949, ó lùlù sí "The Fat Man", orin olórin Fats Domino. Ẹ tẹ́tí sí snare (ìlù kékeré tó ń dún gbà gbà): tí ẹ bá ń ka oókan dé ẹẹ́rin, eéjì àti ẹẹ́rin ló ń já lé, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ti Little Richard, olórin tó ń tẹ dùùrù, ló ṣe pàtàkì jù. Ọwọ́ ọ̀tún Richard ń tẹ dùùrù ní ìdọ́gba, ẹ̀ẹ̀mejì fún iye kọ̀ọ̀kan. Shuffle (ìlù tó ń fì, tí ìró kan gùn, tí èkejì kúrú) kò lè bá a rìn, ni Palmer bá mú ọwọ́ tirẹ̀ dọ́gba. Ẹ gbọ́ "Lucille" tó jáde ní 1957, ó hàn kedere níbẹ̀.

Ibi tó ti ń bàjẹ́ lọ́wọ́ yín nìyí: ìró kejì nínú iye kọ̀ọ̀kan ń pẹ́ kó tó balẹ̀, shuffle á sì yọjú. Ẹ fi mẹ́tíróònù (ẹ̀rọ tó ń ka iye fún olórin) sí 80 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ máa kà á síta: "oókan-àti, eéjì-àti". Kí "àti" bọ́ sí àárín gẹ́lẹ́. Ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni kí ẹ kọ́kọ́ lò. Tó bá dúró dáadáa, kí òsì wá bọ́ sórí snare. Ẹ má tètè yára o!

Ní 1957 kan náà ló kó lọ sí Los Angeles, ó sì ń lùlù nílé ìgbohùnsílẹ̀ níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.