Ẹ̀kọ́ ọpọlọ ní Ìbàdàn: fi orúkọ tó ò ń há sórí yẹn sílẹ̀ ná

O ní Biochemistry ni o kà, o fẹ́ ṣe masters lórí ọpọlọ níbí ní Ìbàdàn, ẹ̀rù Anatomy sì ń bà ọ́ débi pé o ti ń há orúkọ gbogbo kọ̀rọ̀ inú ọpọlọ sórí. Àbúrò, sinmi. Bó o bá ti ń gé ọpọlọ tó o sì ń wò ó lábẹ́ máíkírósíkóòpù, orúkọ á wọlé fúnra rẹ̀. Ohun tó ń dá akẹ́kọ̀ọ́ dúró sí agbede-méjì ọ̀nà, lójú èmi tí mo ti jẹ ìyà rẹ̀, ìṣirò ni. Ti iná mànàmáná inú sẹ́ẹ̀lì, àti ti statistics.

Mú ti iná mànàmáná. Potassium inú sẹ́ẹ̀lì tó nǹkan bíi 140 millimole nínú lítà kan, tìta ò ju bíi 5 lọ. Gbé e sínú ìṣirò Nernst, èyí tó ń fi ìyàtọ̀ inú àti ìta wá agbára iná, wàá rí nǹkan bíi −89 millivolt. Àmọ́ tí wọ́n bá ki abẹ́rẹ́ bọ sẹ́ẹ̀lì tó ń sinmi, bíi −70 ni wọ́n sábà máa ń bá níbẹ̀. Ìyókù ńkọ́? Sodium díẹ̀ ló ń yọ́ wọlé, òun ló ń fa iye náà sókè. Tó o bá lè fi ọwọ́ ara rẹ ṣe é lórí pépà láìwo ibì kankan, ohun tí Hodgkin àti Huxley, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, gbé jáde ní 1952 nípa bí iná ṣe ń rìn nínú okùn nerve squid (ẹran inú òkun kan), tí wọ́n fi gba ẹ̀bùn Nobel ní 1963, kò ní ṣàjèjì sí ọ mọ́. Ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi ló mọ orúkọ àwọn méjèèjì dáadáa, wọn ò sì lè sọ ìdí tí iye náà fi jẹ́ òdì. Níbi ìdánwò ẹnu, ibẹ̀ gan-an ni àwọn olùkọ́ máa ń tẹ̀ mọ́.

Statistics wá ni ọ̀gá ẹ̀. Kó o tó fọwọ́ kan eku kankan ni kó o kọ́ ọ, kì í ṣe ìgbà tí àbájáde bá ti kún kọ̀ǹpútà. Wò ó: eku mẹ́wàá lo lò, márùn-ún gba oògùn, márùn-ún ò gbà. O ka sẹ́ẹ̀lì 300 nínú ọpọlọ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mélòó ni iye tí wàá fi ṣe ìṣirò? Ẹni tó bá ní 3,000, wọ́n á dá iṣẹ́ rẹ̀ padà fún un. Mẹ́wàá ni, torí eku lo fún lóògùn, o ò pín oògùn fún sẹ́ẹ̀lì lọ́kọ̀ọ̀kan. Tó bá tún wá jẹ́ pé ìyá kan náà ló bí gbogbo àwọn tó gba oògùn, wàhálà mìíràn nìyẹn, o ò ní mọ̀ bóyá oògùn ló ṣe é àbí ìdílé.

O ò ní láti rìn jìnnà kó o tó rí àpẹẹrẹ tó dára. Ní 1992 ni àwọn dókítà ilé ìwòsàn UCH àti ti Indiana bẹ̀rẹ̀ sí í jọ tẹ̀lé àwọn àgbàlagbà Yorùbá ní Ìdíkàn níbí, pẹ̀lú àwọn aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis ní Amẹ́ríkà. Ohun tí wọ́n gbé jáde ní 2001 ni pé nínú ọgọ́rùn-ún àgbà, àwọn tí àrùn Alzheimer (àrùn ìgbàgbé) ń ṣẹ̀ṣẹ̀ mú lọ́dún kan jẹ́ 1.15 níbí, 2.52 lọ́hùn-ún. Nọ́ńbà méjì péré, àmọ́ wo làálàá tó wà lẹ́yìn wọn. Ọ̀pọ̀ ìyá àgbà ò ní ìwé ọjọ́ ìbí. Ìṣẹ̀lẹ̀ ìtàn ni wọ́n fi ń wá ọjọ́ orí wọn: nígbà tí nǹkan báyìí ṣẹlẹ̀, ìyá, ṣé ẹ ti lọ́kọ? Ẹni ọdún 66 àti ẹni ọdún 85 ò sì ní ewu kan náà, nítorí náà wọ́n ní láti mú ọjọ́ orí ìlú méjèèjì dọ́gba kí wọ́n tó fi wọ́n wéra. Wá ìwé ìwádìí yẹn, kó o kà á títí tó fi máa yé ọ bí wọ́n ṣe ṣe é.

Ti iṣẹ́ ọwọ́: tètè kọ́ bí wọ́n ṣe ń ti inú ọkàn ẹran fi omi iyọ̀ fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kúrò, kí paraformaldehyde, kẹ́míkà tó ń mú ọpọlọ le, tó tẹ̀ lé e. Bó bá ṣe déédéé, ọpọlọ á dì bí ẹ̀kọ tútù, abẹ á gé e láìfọ́. Bó bá pẹ́, ó ti ń bàjẹ́ nìyẹn, kò sì sí àwọ̀ tó o fẹ́ kùn ún tó máa tún un ṣe. Iná ńkọ́? Ní láàbù kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, fìríìsà yọ́ ní òpin ọ̀sẹ̀, kò sẹ́ni tó tan jẹnẹrétọ̀, antibody gbogbo wa (èròjà tí a fi ń dá sẹ́ẹ̀lì mọ̀) ṣòfò. Látìgbà náà ni mo ti ń pín tèmi sínú ike kéékèèké, tí mo ń tọ́jú apá kan síbòmíràn. Tí wọ́n bá fi òkété lọ̀ ọ́ dípò eku láàbù, gbà á. Àwọn tó wà ní Veterinary Anatomy ní Yunifásítì Ìbàdàn ti ṣe iṣẹ́ gidi lórí ọpọlọ rẹ̀, ìbéèrè tó kù nílẹ̀ sì pọ̀. (Ìyàwó mi ò tíì gbà pé torí ẹran ọbẹ̀ ni mo ṣe ń pẹ́ wálé.)

Ìwé olówó gọbọi tó o fẹ́ rà yẹn, dá a dúró. R àti Python tí a fi ń ṣe ìṣirò lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀fẹ́ ni. Fiji tí a fi ń ka sẹ́ẹ̀lì nínú àwòrán, ọ̀fẹ́ náà ni. Máa ṣọ́ ìkéde IBRO (ẹgbẹ́ ìwádìí ọpọlọ lágbàáyé) àti SONA (ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ọpọlọ ní Áfíríkà) fún ilé ẹ̀kọ́ kúkurú.

Kó o tó san owó fọ́ọ̀mù, wá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wà lábẹ́ ọ̀gá tó o fẹ́ lọ bá, má tíì lọ bá ọ̀gá fúnra rẹ̀. Bi wọ́n pé ọdún mélòó ni masters wọn gbà, àti pé ṣé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé ọpọlọ ń ṣiṣẹ́ báyìí. Tí wọ́n bá kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín kí wọ́n tó dáhùn ìkejì, wá ọ̀gá mìíràn.