Báwo Ni Ìmọ́lẹ̀ Ṣe Lè Sọ Ìwúwo Agbo Gálásì?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo kà á pé àwọn onímọ̀ sánmà ń fi ìmọ́lẹ̀ X-ray mọ bí agbo gálásì ṣe wúwo tó. X-ray tí èmi mọ̀ ni èyí tí wọ́n fi ń wo egungun nílé ìwòsàn. Báwo ni ìmọ́lẹ̀ ṣe wá di òṣùwọ̀n? Òǹkàwé yín, Ṣàgámù.

ÌDÁHÙN: X-ray kan náà ni, àmọ́ gáàsì gbígbóná ló ń tan ti ọ̀run. Nínú agbo tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún gálásì (ìyẹn ìkójọpọ̀ ńlá àwọn ìràwọ̀) so kọ́ra sí, gáàsì tó wà láàárín wọn wúwo ju gbogbo ìràwọ̀ inú wọn lọ, ooru rẹ̀ sì ń tó mílíọ̀nù 10 sí mílíọ̀nù 100 ìwọ̀n Celsius. Òòfà agbo náà (agbára tó ń fa nǹkan mọ́ra, irú èyí tó ń mú ohun tí a jù sókè padà bọ̀ sílẹ̀) ló kó gáàsì jọ tó sì mú un gbóná, nítorí náà bí agbo bá ṣe wúwo sí i ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Afẹ́fẹ́ ayé kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ yìí dé ilẹ̀. Sátẹ́láìtì Uhuru, tí wọ́n fi ránṣẹ́ sókè láti etíkun Kenya ní oṣù Kejìlá ọdún 1970, ló kọ́kọ́ wò ó káàkiri ojú ọ̀run.

Ní 1986, onímọ̀ sánmà kan, Nick Kaiser, ṣe ìṣirò kan tó fi hàn pé bí agbo kan bá wúwo ju òmíràn lọ ní ìlọ́po 8, ó yẹ kí àpapọ̀ ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po 16 ti ìkejì. Ìyàtọ̀ tí wọ́n ń rí ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ihò dúdú (ohun tí òòfà rẹ̀ le débi pé ìmọ́lẹ̀ kò lè jáde nínú rẹ̀) tó wà nínú àwọn gálásì ńlá ń ti gáàsì tó yí i ká síta, òòfà agbo kékeré kò sì lágbára tó láti dá a dúró.

Ká ní ẹ ń bọ̀ láti Ìjẹ̀bú-Òde lóru, tí ẹ fẹ́ fi iná tí ẹ ń rí lọ́ọ̀ọ́kán mọ bí abúlé kọ̀ọ̀kan ṣe tóbi tó. Abúlé tí wọ́n ti ń ṣe òde lálẹ́ ọjọ́ náà (ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ìgbà wo ni wọn kì í ṣe é?) yóò dà bí ìlú ńlá lójú yín. Àríyá irú èyí wà ní àárín gbùngbùn àwọn agbo kan, níbi tí gáàsì ti tutù díẹ̀ tó sì fún pọ̀. Bí gáàsì bá fún pọ̀ sí ìdajì àyè rẹ̀, tí ooru rẹ̀ kò yí padà, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ di ìlọ́po méjì, bẹ́ẹ̀ ni ìwúwo rẹ̀ kò fi nǹkan kan lé. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ a máa yọ àárín gbùngbùn agbo kúrò nínú ìṣirò, lójú tèmi, ìgbésẹ̀ tó bọ́gbọ́n mu jù nìyẹn. Abúlé tó wà lókùnkùn náà wà níbẹ̀: agbo jíjìnnà tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò tó kì í wọ ìwé, bí a kò bá sì rántí ìyẹn, a ó rò pé gbogbo agbo tó wúwo bákan náà ló mọ́lẹ̀ bí èyí tí a rí.

Ìdí nìyí tí wọ́n fi ní láti gba ọ̀nà mìíràn wọn àwọn agbo kan kí wọ́n tó gba ìmọ́lẹ̀ gbọ́. Òòfà agbo a máa tẹ ìmọ́lẹ̀ gálásì tó wà lẹ́yìn rẹ̀, àwòrán wọn a sì lọ́. Bó ṣe lọ́ tó ni wọ́n fi ń ṣírò gbogbo ìwúwo náà, títí kan ohun àìrí tó ju ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún rẹ̀ lọ. Iṣẹ́ yìí nira fún agbo tó jìnnà, bẹ́ẹ̀ eROSITA, ẹ̀rọ awò X-ray tí Jámánì ṣe, tó gòkè ní 2019, ti ka agbo tó lé ní 12,000. Fún ọ̀pọ̀ nínú wọn, ìmọ́lẹ̀ X-ray ni òṣùwọ̀n tó wà nítòsí jù lọ.