Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ṣiṣẹ́ HR generalist, ẹ gbọ́ tẹnu mi

Ẹ ní Sociology lẹ kà, ẹ wá ń bèèrè bóyá dandan ni kẹ́ ẹ ṣe CIPM (ìdánwò ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ HR, ìyẹn àwọn tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́) kẹ́ ẹ tó wáṣẹ́ HR generalist. Sociology ò burú rárá. Mo mọ ẹni tó ka Yorùbá tó ń ṣe é.

Ohun tẹ́nìkan ò sọ fún mi ni pé generalist túmọ̀ sí ìwọ nìkan. Gbígbani síṣẹ́, owó oṣù, ìsinmi, ìjà, ìwé ìdádúró, ọrùn rẹ ni gbogbo ẹ̀ wà. Iléeṣẹ́ tí mo ti bẹ̀rẹ̀ ní Ọ̀tà, òṣìṣẹ́ 160, èmi nìkan. Oṣù kejì ni bàbá kan tó ń wa fọ́kílíìfù wọlé, ó gbé fóònù ka orí tábìlì mi: "Màdáàmù, owó mi dà?" Wọ́n ń yọ ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún owó ẹ̀ lóṣooṣù, kọ́bọ̀ ò wọ àkáǹtì pẹ́ńṣàn ẹ̀ fún oṣù méje. Ìdá 10 tiléeṣẹ́ fúnra ẹ̀, ẹ má tiẹ̀ dárúkọ ẹ̀. Òfin pẹ́ńṣàn ọdún 2014 sì ní ọjọ́ iṣẹ́ 7 péré ni lẹ́yìn tówó oṣù bá jáde. Ọ̀gá akáńtì ní kí n ṣe sùúrù. Mo já owó náà gbà tán, ọ́fíìsì pẹ́ńṣàn tún ní PIN (nọ́ńbà àkáǹtì pẹ́ńṣàn) èèyàn 21 ò bá orúkọ wọn mu. Ọmọkùnrin tó wà ní kaúńtà ń jẹ gúgúrú, ó ní kí n kó gbogbo wọn wá. Kí n ti fáktírì pa ni? Mo padà dé géètì, èmi làwọn òṣìṣẹ́ ń pè lólè.

Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó gbàṣẹ́, ẹ ní kí wọ́n fi rìsíìtì pẹ́ńṣàn oṣù mẹ́ta hàn yín. Ẹ gba lẹ́tà ìgbàṣẹ́ tiyín náà. Oṣù 3 ni Labour Act, òfin iṣẹ́, fún iléeṣẹ́ láti kọ ọ́ fún òṣìṣẹ́. Oṣù kẹsàn-án ni wọ́n tó fún mi ní tèmi, èmi tí mò ń kọ tàwọn ẹlòmíì! Ẹ má sì kówó fáwọn olùdánilẹ́kọ̀ọ́ tó ń pariwo "strategic", tí wọn ò ṣírò PAYE (owó orí tí wọ́n ń yọ nínú owó oṣù) rí láyé wọn.

Ẹ kọ́ Excel.

Ó dáa, CIPM. Òfin ló fọwọ́ sí ẹgbẹ́ wọn ní 1992, ẹ máa ṣe é lọ lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ á gbà yín kẹ́ ẹ tó parí ẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá wọlé, ẹ fi orúkọ inú NIN wé tinú fáìlì, lọ́kọ̀ọ̀kan, kí "Ṣẹ́gun" má lọ di "Olúṣẹ́gun" mọ́ yín lọ́wọ́.