Jíìpù Àkàndé ń kúnlẹ̀ lóru

Lẹ́tà: Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ológunẹrú ni mò ń gbé. Lọ́dún tó kọjá mo yá owó lẹ́gbẹ́ alájẹṣẹ́kù ibi iṣẹ́ wa, mo kó gbogbo rẹ̀ lé Mercedes GL450 ti 2007, Tòkunbọ̀. Jíìpù gidi ni. Kò sí ohun tó ń ṣe é, àfi pé iwájú rẹ̀ máa ń kúnlẹ̀ lóru, bí mo bá sì ti sítáàtì rẹ̀ láàárọ̀, á dìde fúnra rẹ̀. Bátìrì rẹ̀ kú lẹ́ẹ̀mejì, mo ti ra tuntun. Ìkejì ká wa mọ́ Òjòó, a yà ra nǹkan, kò sítáàtì mọ́, àwọn ọmọ wà níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà ìyàwó mi ní òun kò wọ̀ ọ́ mọ́. Takisí Míkírà ló ń wọ̀ lọ sóde àríyá, èmi á dá wà nínú jíìpù, máa tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyá mi ní ayé ló ń bá mi jà. Báwo ni mo ṣe lè mú kí ìyàwó mi bọ̀wọ̀ fún mi, kó sì wọ ọkọ̀ mi? (Àkàndé)

Àkàndé, gbogbo ẹjọ́ ìyàwó rẹ lo rò fún mi, o wá fi gbólóhùn kan ṣoṣo sọ pé ọkọ̀ rẹ ń kúnlẹ̀. O tún ní kò sí ohun tó ń ṣe é. Ta ló sọ fún ọ pé ọkọ̀ máa ń kúnlẹ̀? Ràkúnmí ni?

Irú lẹ́tà yìí ti pọ̀ lọ́wọ́ mi. Ọkùnrin á ra ọkọ̀ ọlọ́lá tó ti dàgbà, ọkọ̀ á máa sọ ohun tó ń ṣe é, ọkùnrin á máa wá ẹni tó ń ṣe é. Lónìí ìyàwó ni, lọ́la mẹkáníìkì ni, lọ́tùn-únla ará ilé bàbá ni. Bí ìyá rẹ bá ti ń sọ̀rọ̀ ètùtù, bá mi bẹ̀ ẹ́ kó mú sùúrù. Kí a kọ́kọ́ fi díẹ̀ nínú owó ètùtù yẹn ra rílè, súìṣì iná kékeré kan nínú ọkọ̀ rẹ.

GL450 kò jókòó lórí sípíríǹgì irin bíi Camry. Àpò rọ́bà mẹ́rin ló gbé e dúró, ọ̀kan ní igun kọ̀ọ̀kan, afẹ́fẹ́ ló sì wà nínú wọn. Airmatic ni Mercedes ń pè é. Kọ̀mpúrẹ́sọ̀ kékeré kan ló ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí wọn, àwọn fáàfù á sì pín in. Rọ́bà yẹn ń ká, ó ń nà, ní gbogbo ìgbà tí táyà bá bọ́ sí kòtò, ojú ibi tó ti ń ká gan-an ló sì ti máa ń sán. Ọkọ̀ 2007 tó ti lo òtútù lókè òkun, tó wá bọ́ sínú oòrùn àti kòtò Ìbàdàn, báwo lo ṣe rò pé rọ́bà rẹ̀ máa rí? Lóru tí ẹ́ńjìnnì kò ṣiṣẹ́, afẹ́fẹ́ á máa jò díẹ̀díẹ̀, iwájú á wálẹ̀. Láàárọ̀, kọ̀mpúrẹ́sọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ẹ lákọ̀tun. Ìyẹn ni dídìde tó o ń fi yangàn.

Wọn kò ṣe kọ̀mpúrẹ́sọ̀ yẹn fún iṣẹ́ àṣekúdórógbó. Kó ṣiṣẹ́ díẹ̀, kó sinmi, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é. Bí àpò bá ti ń jò, ìsinmi dópin. Á máa gbóná, ríìngì inú rẹ̀ á máa jẹ. Rílè tó ń gbé iná fún un náà á máa gbóná, títí irin méjì inú rẹ̀ á fi lè lẹ̀ mọ́ra. Bí wọ́n bá sì ti lẹ̀, o lè pa ọkọ̀, kí o yọ kọ́kọ́rọ́, kí o wọlé lọ jẹun, kí kọ̀mpúrẹ́sọ̀ ṣì máa kùn níta títí bátìrì á fi gbẹ. Ṣé o ti ń rí ibi tí mò ń lọ? Bátìrì tó kú lẹ́ẹ̀mejì, Òjòó, ìyàwó tó ní òun kò wọ̀ ọ́ mọ́, ẹnu àpò kan ṣoṣo tó ń jò ni gbogbo rẹ̀ ti lè bẹ̀rẹ̀. O wá lọ ra bátìrì tuntun fún un kó rí èyí tó máa mu.

Lálẹ́ òní, gbé ọkọ̀ náà síbi tó tẹ́jú, kí o wá tépù táwọn télọ̀ ń lò. Wọ̀n ọ́n láti àárín táyà dé etí bọ́dì tó wà lókè rẹ̀, ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kọ ọ́ sílẹ̀. Láàárọ̀, kí o tó sítáàtì, kódà kí o tó ṣílẹ̀kùn, tún un wọ̀n. Bó bá jẹ́ igun kan ló wálẹ̀, àpò ibẹ̀ tàbí ojú ibi tí páìpù ti wọ inú rẹ̀ ló ń jò. Bí iwájú méjèèjì bá jọ wálẹ̀ dọ́gba, jẹ́ kí wọ́n yẹ fáàfù wò kí o tó ra ohunkóhun. Po ọṣẹ mọ́ omi, rọ ọ́ sínú ìgò tí wọ́n fi ń fín aṣọ tí wọ́n fẹ́ lọ̀, fín in sára rọ́bà àti ojú páìpù. Ibi tó bá ti ń hó ni afẹ́fẹ́ ti ń jáde. Lẹ́yìn ìdajì wákàtí tó o ti pa ọkọ̀, tẹ́tí sí i. Bí o bá ṣì ń gbọ́ kùn-ùn, yọ rílè yẹn lójú ẹsẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì wọ abẹ́ ọkọ̀ náà lórí jáàkì nìkan. Wọ́n gbọ́dọ̀ fi irin ìdúró tì í, torí afẹ́fẹ́ lè tú lójijì, ọkọ̀ tó lé ní tọ́ọ̀nù méjì sì ni.

Bí o bá dé ọjà páàtì Ararọ̀mí ní Géètì, wọn á ní Tòkunbọ̀ àpò náà wà, pé ó ṣì le dáadáa. Má rà á. Ẹ́ńjìnnì Tòkunbọ̀, mo gbà. Ilẹ̀kùn Tòkunbọ̀, mo gbà. Rọ́bà tó ti gbó lábẹ́ ọkọ̀ ẹlòmíràn kí o tún wá fowó rà á, rárá o. Tuntun ni kí o rà, ì báà má jẹ́ ti Mercedes fúnra rẹ̀. Ra rílè tuntun pọ̀ mọ́ ọn. Òun ló kéré jù lówó nínú gbogbo ọ̀ràn yìí, òun náà sì ni wọ́n máa ń gbàgbé, tí yóò wá pa kọ̀mpúrẹ́sọ̀ tuntun. Àwọn kan á ní kí o yọ afẹ́fẹ́ kúrò, kí o fi sípíríǹgì irin sí i. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Kó ṣáà jẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan náà, kó jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe fún GL, kí ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà ọkọ̀ sì bá ọ mú ìkìlọ̀ ojú dáṣíbọ́ọ̀dù kúrò. Ẹni tó bá ní òun á gé sípíríǹgì Sienna bọ̀ ọ́, gba kọ́kọ́rọ́ rẹ lọ́wọ́ rẹ̀, kí o máa lọ sílé.

Àmọ́ ohun tó bí mi nínú jù ni pé o kó gbogbo ẹ̀yáwó lé e. Gbogbo rẹ̀! Ó ju $50,000 lọ ni wọ́n ń ta GL450 tuntun ní Amẹ́ríkà ní 2007. Nígbà tó fi dé ọ̀dọ̀ rẹ, owó rẹ̀ ti já wálẹ̀ débi tí òṣìṣẹ́ fi lè yá owó rà á. Owó páàtì rẹ̀ kò bá a já wálẹ̀. Páàtì ọkọ̀ $50,000 lo ṣì ń rà, owó dọ́là ni wọ́n sì ń bù lé e: ní 2014 dọ́là kan kò tíì tó ₦200, ní 2024 ó ti kọjá ₦1,400. Ẹni tó ní mílíọ̀nù 12 lọ́wọ́, ọkọ̀ mílíọ̀nù 9 ni kó lọ wá. Mílíọ̀nù mẹ́ta tó kù, ọkọ̀ náà ló ni ín, kò ní pẹ́ tí yóò fi wá gbà á.

Lítà ọ́ìlì mélòó ni mẹkáníìkì rẹ ń dà sí i? Bó bá jẹ́ gálọ́ọ̀nù onílítà 4 kan ló ń dà sí i, tó sì ń nu ọwọ́, ó ń pa á lọ. Lítà 8 àti ààbọ̀ ni ẹ́ńjìnnì yẹn ń mu, èyí tí wọ́n kọ MB 229.5, àmì ọ́ìlì tí Mercedes fọwọ́ sí, sára kẹ̀ẹ̀gì rẹ̀. Pílọ́ọ̀gì rẹ̀ 8, kọ́ìlì rẹ̀ 8. Táǹkì rẹ̀ ń gba lítà 100. Bí epo bá jẹ́ ₦900, ₦90,000 nìyẹn, sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ Ẹlẹ́yẹlé á sì bá ọ jẹ nínú rẹ̀.

Ọ̀kan wà tó o kò mẹ́nu bà rárá, mo sì rò pé ẹni tó tà á fún ọ kò sọ ọ́. M273 ni ẹ́ńjìnnì rẹ. Lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe, jíà kékeré kan wà tí ṣéènì tàmíìnì, èyí tó ń mú kí inú ẹ́ńjìnnì máa yí lásìkò, ń gbà lé, irin jíà náà kò le tó. Eyín rẹ̀ á jẹ, tàmíìnì á yẹ̀, iná ẹ́ńjìnnì á tàn. Wo nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì rẹ: bí díjíìtì mẹ́fà tó gbẹ̀yìn bá kéré sí 088611, o wà lára wọn. Jíà náà fúnra rẹ̀ kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ló wọ́n, torí wọ́n ní láti gbé ẹ́ńjìnnì jáde kí ọwọ́ tó dé ibẹ̀. Bí scan, ẹ̀rọ tó ń ka àṣìṣe ọkọ̀, bá gbé kóòdù P0016 tàbí P0017 jáde, èyí tó ń sọ pé tàmíìnì kò bára mu, tí mẹkáníìkì sì ní sẹ́ńsọ̀ ni, kó pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí iná bá tún padà wá, má sanwó sẹ́ńsọ̀ kejì.

Ní ti ìyàwó rẹ, obìnrin tó ti kó ọmọ dúró nínú oòrùn ní Òjòó, tó wá ní míkírà ló dá òun lójú, ìṣirò ló ṣe, ìṣirò rẹ̀ sì péye ju tìrẹ lọ. Má bẹ̀ ẹ́, má halẹ̀ mọ́ ọn, má sì máa tọ̀ ọ́ lẹ́yìn lójú títì mọ́, ìyẹn gan-an ni wọ́n fi ń fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Fún un lówó míkírà rẹ̀ kó tó bèèrè. Bí o bá sì tún máa kọ̀wé sí mi, kọ nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì rẹ sí i, àti ohun tí tépù sọ ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, lálẹ́ àti láàárọ̀.