Kí nìdí tí Lu Bu, ọ̀gágun ọ̀tá, fi ń tètè pa mí lójú ogun Hu Lao Gate nínú eré fídíò Dynasty Warriors 3 (PS2)?

Ẹ ti lọ bá a jà kí ohun ìjà yín tó tó nǹkan ni. Ohun ìjà àkọ́kọ́ kì í gbà ju ìlù mẹ́rin léra wọn lọ. Èyí tó lágbára jù lọ máa ń dé mẹ́fà. Nítorí náà, ẹ sá fún Lu Bu ná, kí ẹ kọ́kọ́ pa àwọn ọ̀gágun yòókù, torí ìyẹn ló ń mú kí ọkàn àwọn ọmọ ogun yín le. Ẹ máa wo olórí ogun yín náà o: tó bá kú, ìjà parí nìyẹn.

Tó bá wá di dandan kí ẹ kojú rẹ̀, ẹ má tẹ bọ́tìnnì onígun mẹ́rin ṣáá. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ wá tẹ onígun mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀pọ̀ akọni á gbá ohun ìjà yíká, àwọn tó rọ̀gbà yí wọn ká á sì fò dànù. L1 ni ẹ fi ń dènà ìlù. Tí ìlà ẹ̀mí yín bá ti pọ́n, Musou (ìlà agbára àkànṣe yín) á máa kún fúnra rẹ̀, á sì tún lágbára sí i: ìgbà yẹn gan-an ni kí ẹ tẹ bọ́tìnnì olóbìrípo.